Ẹni Tó Gun Máàsì Ló Sún Mọ́ Ewu

Bí ilé-iṣẹ́ fóònù bá fẹ́ ri máàsì mọ́ àdúgbò kan ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ìpàdé àwọn onílé kì í pẹ́ gbóná. Ẹnìkan á ní ìgbì tó ń jáde lára rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ẹlòmíràn á ní àwọn òyìnbó kì í gbà á láyè ní àdúgbò tiwọn, ọ̀rọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé ní Lọ́ńdọ̀nù, orí òrùlé ilé tí èèyàn ń gbé ni púpọ̀ nínú áńténà wọn wà. Ibi tí àríyànjiyàn máa ń parí sí ni pé: mítà mélòó ló yẹ kó wà láàrin máàsì àti ilé? Ìbéèrè gidi ni. Àmọ́ àwọn tó kọ òdiwọ̀n ààbò kò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ni bí agbára ìgbì tó ń wọ inú ara ṣe pọ̀ tó, bí yóò ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, àti irú ìgbì tó jẹ́. Tí a bá tọ ọ̀nà tiwọn yìí, a ó rí i pé ẹni tí ìgbì máàsì lè ṣe ní jàǹbá kì í sábà wá sí ìpàdé onílé. Òkè máàsì ló wà, ó so okùn mọ́ ìbàdí, ó ń tún áńténà ṣe.

Ìgbì rédíò àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbọ̀n láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti rédíò FM ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 88 sí mílíọ̀nù 108, òun ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní mẹ́gáhẹ́tìsì 88 sí 108. Fóònù GSM tó dé Nàìjíríà ní 2001 ń lo nǹkan bíi 900 àti 1800. 5G tó dé ní 2022 ń lo nǹkan bíi 3500. Ìtànṣán X-ray tí wọ́n fi ń ya egungun ń gbọ̀n ju gbogbo wọn lọ fíìfíì, agbára rẹ̀ sì tó láti já ohun tó so DNA inú sẹ́ẹ̀lì pọ̀. Ìgbì fóònù kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Hóró ìgbì kan péré nínú rẹ̀ kò ní tó ìdá kan nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ohun tí iṣẹ́ náà ń gbà, bí irú hóró bẹ́ẹ̀ bá sì pọ̀ bí yanrìn, pípọ̀ wọn kò sọ èyíkéyìí nínú wọn di alágbára. Ohun tí pípọ̀ wọn ń ṣe ni pé ó ń mú ara gbóná.

Omi ló pọ̀ jù nínú ara wa. Mólékù omi ní ìhà tó ní iná pọ́sítíìfù àti ìhà tó ní nẹ́gátíìfù, nítorí náà bí ìgbì bá ti ń yí, òun náà á fẹ́ yí tẹ̀ lé e, á máa fara gbún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ooru á sì jáde. Ọ̀nà yìí kan náà ni ẹ̀rọ máíkírówéfù ń gbà gbé oúnjẹ kaná. Ní 1945, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, Percy Spencer, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Raytheon ní Amẹ́ríkà, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rédà, ṣokoléètì àpò rẹ̀ sì yọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó gba ẹ̀tọ́ ẹ̀rọ ìdáná tuntun. Àwọn kan wà tí wọn kò rẹ́rìn-ín bíi tirẹ̀: bí ṣokoléètì inú àpò bá yọ́, ẹran ara tó wà lẹ́yìn àpò náà ńkọ́?

Ara èèyàn ní ọgbọ́n tó ń dá sí ooru. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e kúrò níbi tó ti pọ̀, òógùn á jáde, ara á tutù. Ṣùgbọ́n dígí inú ẹyinjú kò ní ìṣàn ẹ̀jẹ̀ kankan, kórópọ̀n ọkùnrin sì nílò kó tutù ju ara yòókù lọ. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi dójú lé ibi méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ìgbì tó lágbára gidigidi sí ojú ehoro, dígí ẹyinjú wọn sì di funfun. Ìgbì tó ṣe é lágbára ju ohun tí aráàlú lè bá pàdé lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ewu ooru kì í ṣe àròsọ.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, rédà wà lórí ọkọ̀ ojú omi àti ní pápákọ̀ òfurufú gbogbo, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì fẹ́ mọ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn lè dúró sí. Ní àwọn ọdún 1950, Herman Schwan, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Pennsylvania, jókòó ṣírò ooru tí ara lè gbà mọ́ra kó sì lé jáde. Òdiwọ̀n tó ti ibẹ̀ wá ni mílíwáàtì 10 lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú àti lóòró, òun sì ni Amẹ́ríkà gbà wọlé nínú ìwé òdiwọ̀n C95.1 ní 1966. Ìṣirò náà dára. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ka gbogbo ìgbì sí ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ara kì í gba gbogbo ìgbì bákan náà.

Nítorí náà, ìwé 1982 yí ọ̀nà padà. Dípò kí wọ́n máa wo ìgbì tó wà níta ara, wọ́n ní kí a wo èyí tó wọlé: wáàtì mélòó ni kílógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan gbà? Orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ni SAR. Wọ́n wá lọ wo ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́, lára ẹranko ni èyí tó wúlò jù sì ti wá. Wọ́n ti kọ́ eku àti ọ̀bọ láti máa tẹ nǹkan kan kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ. Nígbà tí ìgbì bá wà lórí wọn tó sì dé nǹkan bíi wáàtì 4 fún kílógíráàmù, ẹranko á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́ níṣẹ́, ooru ara rẹ̀ á sì ti fi nǹkan bí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì kan lé sí i. Kò kú, kò ṣàìsàn, bí wọ́n bá pa ìgbì náà á padà sídìí iṣẹ́. Síbẹ̀ wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni ààlà ti bẹ̀rẹ̀, pé ẹranko tí ebi ń pa kì í dédé fi oúnjẹ sílẹ̀.

Wọn kò wá sọ fún èèyàn pé kó dúró lórí 4. Fún òṣìṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe, wọ́n pín in sí mẹ́wàá, ó di 0.4. Fún aráàlú, wọ́n tún wá pín in sí 50 lẹ́yìn náà, ó di 0.08. Òṣìṣẹ́ jẹ́ àgbàlagbà, ara rẹ̀ le, wọ́n ti kọ́ ọ, á sì lọ sílé nírọ̀lẹ́. Ọmọ ọwọ́, arúgbó àti aláìsàn wà nínú aráàlú, wọn kò mọ̀ pé ìgbì wà níbẹ̀, wọ́n sì lè sùn síbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Òṣìṣẹ́ tó lóyún náà, ẹ̀gbẹ́ aráàlú ni wọ́n kà á mọ́, nítorí ọmọ inú rẹ̀ kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan. Kí a lè mọ bí 0.08 ṣe kéré tó, ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tó tẹ̀wọ̀n kílógíráàmù 70. Ìgbì tí òdiwọ̀n yìí gbà kó wọ gbogbo ara rẹ̀ kò ju wáàtì 5.6 lọ. Bó bá jókòó lásán láìṣe nǹkan kan, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mú ooru tó ju wáàtì 70 jáde. Alábàárù tó ń gbé ẹrù ní Bódìjà ń mú ìlọ́po mélòó kan ìyẹn jáde láàárọ̀ kan.

Iye yìí ni àjọ ICNIRP, tí àwọn onímọ̀ dá sílẹ̀ ní 1992 tí ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà lẹ́bàá Munich ní Jámánì, kọ sínú ìlànà rẹ̀ ní 1998, tó sì tún yẹ̀ wò ní 2020. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Àjọ NCC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà náà ń tọ́ka sí i.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ki ohun ìwọ̀n bọ inú ara ẹni tó ń kọjá lọ ní ìdúró ọkọ̀. Ohun tí a lè wọ̀n ni ìgbì tó wà nínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀tàn wà níbẹ̀, èmi sì rò pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù. Ara èèyàn tó nàró, áńténà ni. Gbogbo áńténà ló sì ní gígùn ìgbì tó bá a lára mu jù; bí gígùn rẹ̀ bá súnmọ́ ìdajì ìgbì kan, á gbà á wọlé ju àwọn yòókù lọ. Ìgbì rédíò FM tó wà ní mẹ́gáhẹ́tìsì 100 gùn tó mítà 3. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ mítà kan ààbọ̀. Ẹ wo ara yín nínú dígí. Àgbàlagbà tó ga díẹ̀, ti mẹ́gáhẹ́tìsì 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni ara rẹ̀ ń gbà jù. Ọmọdé, nítorí kúkúrú rẹ̀, ti ìgbì tó ń gbọ̀n jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ láìwọ bàtà dà bí áńténà tó gùn ní ìlọ́po méjì, àwọn ìgbì tó ń lọ sí 35 ló ń gbà jù. Kò sí rédíò kan tó mọ̀ pé àwa la wà níbẹ̀, àmọ́ ìgbì FM àti ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ti bọ́ sí gígùn ara wa gan-an.

Nítorí náà, òdiwọ̀n ìta kò rí bákan náà fún gbogbo ìgbì. Láti mẹ́gáhẹ́tìsì 30 títí dé 400 ló le jù: aráàlú kò gbọdọ̀ rí ju wáàtì 2 lọ lórí mítà kan níbùú àti lóòró. Ní 900 ti GSM, ó di 4.5. Ní 1800, ó di 9. Láti 2000 lọ sókè, ó dúró sí 10, nítorí ìgbì ibẹ̀ kì í wọlé jìnnà; bó ṣe ń ga sí i ló ń parí sí awọ ara. Ẹni tó ń bẹ̀rù 5G tí kò bẹ̀rù rédíò FM ti yí ọ̀rọ̀ náà sódì. Bí ó bá jẹ́ irú ìgbì tí ara èèyàn ń gbà wọlé jù la ń wá, rédíò tí bàbá wa àgbà ń gbọ́ ìròyìn lórí rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ mú.

Ìjìnnà wá ńkọ́? Bí a bá gbé fìtílà jìnnà sí ògiri ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó dé ojú kan lórí ògiri náà á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́wàá, á di ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbì. Ká sọ pé áńténà GSM kan ń gba wáàtì 20, tó sì ń kó o jọ sí iwájú débi pé lójú ọ̀nà tó kọjú sí, ó dà bí wáàtì 1000. Ẹni tó bá dúró gan-an ní ojú ọ̀nà náà, ní òkè níbi tí áńténà ń wò, tó sì jìnnà sí i ní mítà 50, ohun tó ń kàn án jẹ́ nǹkan bíi 0.03. Òdiwọ̀n jẹ́ 4.5. Ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìlọ́po tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ibi tí òdiwọ̀n náà ti kún gan-an jẹ́ nǹkan bíi mítà 4 níwájú áńténà, kì í ṣe nísàlẹ̀ máàsì: iwájú ojú rẹ̀, lókè. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ wà lábẹ́ ìtànṣán, bí ẹni tó dúró sábẹ́ òrùlé tí òjò ń kọjá lórí rẹ̀.

Ti FM tún yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ rédíò tí agbára rẹ̀ lójú ọ̀nà ìgbì dà bí wáàtì 10,000, mítà 20 ni ìgbì rẹ̀ á tó sọ̀ kalẹ̀ dé 2. Wọ́n máa ń gbé áńténà wọn sókè gan-an, inú ọgbà wọn ni ewu náà sì máa ń parí sí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí ni pé ìlú ń sún mọ́ wọn. Orí òkè tí wọ́n yàn ní ogójì ọdún sẹ́yìn nítorí pé kò sí ilé níbẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti yí i ká báyìí. Mo gbà pé bí àyẹ̀wò bá kù fún àdúgbò kan, irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú.

Wàyí o, mítà mélòó? Nàìjíríà ti dáhùn ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì, ìdáhùn méjèèjì kò sì bá ara wọn mu. Ìlànà NCC ti 2009 ní kí máàsì fi mítà 5 jìnnà sí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òfin àjọ NESREA tó ń mójú tó àyíká, tí wọ́n ṣe ní 2011, ní mítà 10. Àjọ méjèèjì bá ara wọn fà á gan-an, títí dórí pé NESREA ti àwọn máàsì kan pa tí NCC sì ní kò bá òfin mu. Aráàlú tó ń gbọ́ ọ rò pé orí ìgbì ni wọ́n ń jà lé. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ìgbì kò mọ 5 yàtọ̀ sí 10 nísàlẹ̀ máàsì tó ga ní mítà 30. Ohun tó mọ ìyàtọ̀ náà ni irin tó lè ṣubú, ariwo jẹnẹrétọ̀ tí kì í sùn, èéfín dísẹ́lì, àti epo tó ń jò sínú kànga. Àwọn wọ̀nyí ń pa èèyàn lára nítòótọ́, ojú sì ń rí wọn. Onílé tó bá fẹ́ jà, tí ó sì ń pariwo ìgbì nígbà tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń wọ yàrá àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń yin ìbọn tó dára sí òfìfo.

Ẹ jẹ́ ká gòkè wàyí. Ẹni tí wọ́n ń pè ní rígà ni iṣẹ́ rẹ̀ mú un wọ inú mítà 4 náà. Òdiwọ̀n tirẹ̀ fi ìlọ́po márùn-ún ju ti aráàlú lọ: 10 dípò 2 ní ibi ìgbì FM. Ṣùgbọ́n áńténà wà ní ìwọ̀n ọwọ́ sí i, ara rẹ̀ á sì kọjá níwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn kó tó dé ibi tó ń lọ. Ẹ̀yìn áńténà fóònù kò ní nǹkan púpọ̀. Iwájú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Rígà tó mọṣẹ́ máa ń gba ẹ̀yìn gùn, bí kò bá sì ní ọ̀nà mìíràn ju iwájú lọ, á ní kí wọ́n pa á.

Pípa náà ní ìlànà tirẹ̀. Wọ́n á pa ẹ̀rọ tó ń fọn ìgbì, wọ́n á fi àgádágodo ti ibi ìtanná rẹ̀, wọ́n á so káàdì tí orúkọ ẹni tó wà lókè wà lára rẹ̀ mọ́ ọn, kọ́kọ́rọ́ á sì wà nínú àpò ẹni náà gan-an. Bí èèyàn mẹ́ta bá gòkè, àgádágodo mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ pé ìpè fóònù kan ṣoṣo ló wà, tí ẹnìkan ní ọ́fíìsì ìlú mìíràn dáhùn pé òun ti pa á, ìyẹn kì í ṣe ààbò. Ẹni tó dáhùn lè gba ìsinmi, ẹlòmíràn á dé, á rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò kan ti lọ, á sì tan án padà tinútinú.

Ó tún wá le jù bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ń pín máàsì lò báyìí. Òpó kan lè gbé áńténà ilé-iṣẹ́ fóònù mẹ́ta, ti báńkì kan tó ń fi ìgbì bá ẹ̀ka rẹ̀ sọ̀rọ̀, àti ti rédíò FM lórí gbogbo wọn. Pípín lò dára fún ojú ìlú àti fún owó. Rígà tí ilé-iṣẹ́ kan rán wá, ti ilé-iṣẹ́ náà nìkan ni wọ́n á pa fún un. Òdiwọ̀n sì ní kí a ro gbogbo wọn pọ̀: bí ìgbì kan bá gba ìdajì àyè tó ní, tí òmíràn gba ìdajì tirẹ̀, àyè ti tán. Nítorí náà ni àwọn tó mọ̀ fi ń so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ àyà, tó máa ń ké bí ìgbì ibẹ̀ bá ti ń súnmọ́ ààlà. Kò wọ́n ju ẹ̀mí lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n débi pé ọ̀gá tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kì í fẹ́ rà á.

Máàsì AM tún ní ewu tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Níbẹ̀, kò sí áńténà tí wọ́n gbé sórí òpó. Òpó fúnra rẹ̀ ni áńténà. Ó dúró lórí ohun tí kò jẹ́ kí iná wọlẹ̀, iná ìgbì sì wà lára irin náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ tó sì fọwọ́ kàn án ti di ọ̀nà tí iná ń gbà wọlẹ̀. Ó máa ń jóni, jíjó náà á sì wọnú ju bí ojú rẹ̀ ṣe hàn lọ. Ìdí nìyí tí ọgbà fi máa ń yí ẹsẹ̀ máàsì bẹ́ẹ̀ ká. Kódà ẹ̀rọ agbẹ́rùsókè tó ń kọ́lé nítòsí lè gba ìgbì náà mọ́ra, kí òṣìṣẹ́ tó di ìkọ́ rẹ̀ mú sì ta gìrì. Síbẹ̀ òdodo gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo èyí: ohun tó ń pa àwọn tó ń gun máàsì jù ni ṣíṣubú.

Fóònù ọwọ́ wa ńkọ́? Òun ni òdiwọ̀n kò lè fi ìjìnnà gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé etí la ń gbé e sí. Orí àti àyà ní òdiwọ̀n ti ara wọn: wáàtì 2 fún kílógíráàmù, tí wọ́n wọ̀n lórí gíráàmù 10 ẹran ara, ní Yúróòpù àti lọ́dọ̀ ICNIRP; ní Amẹ́ríkà, àjọ FCC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù níbẹ̀ mú 1.6 lórí gíráàmù kan ṣoṣo láti 1996. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n lára orí oníke kan tí wọ́n mọ ní ìwọ̀n orí ọkùnrin ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí orí rẹ̀ tóbi ju ti ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, tí wọ́n sì bu omi oníyọ̀ àti ṣúgà tàbí irú rẹ̀ sí nínú kó lè máa ṣe bí ọpọlọ níwájú ìgbì. Wọ́n á fi fóònù ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí fóònù náà fọn ìgbì ní agbára tó ga jù, apá ẹ̀rọ á sì máa ki ọ̀pá tínńrín yípo inú omi náà. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí ẹ bá tẹ *#07#, ẹ ó rí èsì àyẹ̀wò náà.

Ohun tí àyẹ̀wò náà kò sọ ni pé fóònù kì í sábà fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí máàsì bá wà nítòsí, fóònù á rẹ ohùn sílẹ̀. Bí máàsì bá jìnnà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ku igi kan, á fi gbogbo agbára kígbe, etí yín náà sì ni ẹnu rẹ̀ wà. Àdúgbò tó bá lé máàsì lọ ti mú kí fóònù inú ilé wọn máa fọn ìgbì tó pọ̀ sí i sórí àwọn ọmọ wọn. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyẹn, bó ti wù kó bí wa nínú tó.

Kò yẹ kí n wá sọ ọ́ bíi pé gbogbo ayé fohùn ṣọ̀kan. Ilẹ̀ Sófíẹ́tì àtijọ́ kò bẹ̀rẹ̀ láti ooru rárá. Àwọn dókítà wọn tẹ́tí sí òṣìṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́rí, àárẹ̀ àti àìrí oorun sùn, òdiwọ̀n tí wọ́n sì mú jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún kan ti Amẹ́ríkà. Apá kan ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín. Láti 1953 títí di àárín àwọn ọdún 1970, Sófíẹ́tì ń fọn ìgbì sí ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní Mọ́sìkò. Amẹ́ríkà bínú, ṣùgbọ́n ìgbì náà kéré púpọ̀ sí òdiwọ̀n tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì lè pariwo pé wọ́n ń ba ìlera jẹ́ láìjẹ́ pé ó dá òdiwọ̀n tirẹ̀ lẹ́bi. Yunifásítì Johns Hopkins yẹ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wò, ìròyìn wọn ní 1978 kò sì rí àrùn tí wọ́n lè di ìgbì náà rù. Ítálì pẹ̀lú mú òdiwọ̀n tó le ju ti púpọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù lọ fún ọdún púpọ̀, kó tó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ní 2024.

Ní 2011, àjọ IARC ti Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìgbì rédíò sí ẹgbẹ́ 2B, ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ, tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì tó. Ní 2018, ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà kan rí kókó nínú ọkàn àwọn akọ eku tí wọ́n fi sábẹ́ ìgbì wákàtí mẹ́sàn-án lójúmọ́ fún ọdún méjì, ìgbì tó wọ gbogbo ara wọn dé wáàtì 6 fún kílógíráàmù. Àwọn eku kan náà sì pẹ́ láyé ju àwọn tí wọn kò fi ìgbì sí lọ. Ní 2021, ilé-ẹjọ́ kan ní Washington sọ fún FCC pé kò ṣàlàyé tó ìdí tó fi di òdiwọ̀n 1996 mú láìyí i padà. Ní 2024, àkójọ ìwádìí 63 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n ṣe kò rí ìsopọ̀ láàrin fóònù àti jẹjẹrẹ ọpọlọ. Ní tèmi, ẹ̀rí tó kẹ́yìn yìí ló wúwo jù, torí pé èèyàn ni wọ́n wò, wọ́n sì pọ̀. Àmọ́ ilé-ẹjọ́ náà tọ̀nà: ẹni tó bá fi òdiwọ̀n lélẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dáhùn bí a bá bi í ní ìdí. Ìbéèrè ni ó sì yẹ ká bi í. Àwọn tó dáná sun máàsì ní Birmingham àti àwọn ìlú mìíràn ní Bírítéènì ní oṣù kẹrin 2020, nítorí àhesọ pé 5G ló fa kòrónà, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, wọ́n sì gé fóònù kúrò lọ́wọ́ àdúgbò tó wà nínú ìsémọ́lé.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹgbẹ́ onílé gbé ka iwájú ilé-iṣẹ́ fóònù ní orúkọ: ìwé èsì ìwọ̀n ìgbì. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n á gbé ohun ìwọ̀n tí orí rẹ̀ rí roboto wá, áńténà kékeré mẹ́ta tó kọjú sí ọ̀nà mẹ́ta wà nínú rẹ̀ kí ìgbì má baà gba ibì kan sá lọ. Á gbé e sí ìwọ̀n àyà àti ìwọ̀n orí èèyàn, á dúró fún ìgbà tí ìlànà béèrè, á sì kọ àròpọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní fólìtì lórí mítà kan. Fún ìgbì FM, nọ́ńbà náà kò gbọdọ̀ kọjá 28. Fún GSM 900, 41. Fún 1800, 58. Ẹ wò ó bóyá wọ́n wọ̀n ọ́n ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè tó kọjú sí áńténà àti ní ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò, tàbí ẹnu géètì máàsì nìkan ni wọ́n dúró sí. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ro ti gbogbo ilé-iṣẹ́ tó wà lórí òpó náà pọ̀. Ẹ wo aago pẹ̀lú, nítorí bí fóònù bá ti pọ̀ lórí máàsì ni ìgbì rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bí ìwé náà bá sọ pé agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n wọ̀n ọ́n, nígbà tí gbogbo àdúgbò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sì ti pa fóònù wọn, ẹ dá a padà fún wọn kí wọ́n wá tún un wọ̀n lálẹ́.